Kóló àwẹ̀ Lẹ́ǹtì: ṣé àwa náà lè fi owó ránṣẹ́ sókè òkun?

Ìyá Alákàrà, Àjàṣẹ́ | 20 Èrèlé 2026, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú àwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọbìnrin mi àgbà ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Lánàá wọ́n pè mí lórí WhatsApp, ọmọ náà gbé àpótí páálí kékeré kan sójú fóònù kí n lè rí i. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún àwọn ní Ọjọ́rú Eérú, pé títí di Àjíǹde ni àwọn yóò máa sọ owó sínú rẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Màmá àgbà, wọ́n ní àwọn tí ebi ń pa ní Áfíríkà la ń dá a fún. Ṣé ebi ń pa yín ni?"

Ẹ̀wà tí mo rẹ sómi de òwúrọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo jókòó sí, ó kún agbada. Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi, mo yó." Àmọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Obìnrin kan wà ní ilé kejì sí tiwa, ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Láàárọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ máa ń wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àkàrà mi. Kì í tọrọ nǹkan kan. Yóò kàn dúró, yóò máa wo epo. Ṣé mo lè wá sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kò sí ebi níbí?

Ohun kejì nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, CEB àdúgbò wa, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré àwa Kátólíìkì àdúgbò, fẹ́ jókòó. Alága ní kí àwa náà mọ kóló Lẹ́ǹtì tiwa, kí oníkálukú máa sọ owó ẹja tàbí owó ọtí tó bá fi sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó rí amọ̀. Àwọn kan ní gbogbo owó gbọ́dọ̀ dúró sí àdúgbò. Àwọn kan ní kí a fún Caritas, ẹgbẹ́ àánú Ìjọ Kátólíìkì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé ní ilẹ̀ mìíràn. Èmi sì ni akápò. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yẹn, kí sì ni kí n sọ fún àwọn ará CEB?

Katikíìsì Kétu | 20 Èrèlé, aago 9:25 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí kò le lójú tèmi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yín láàárọ̀ ni Ọlọ́run gbé sí ojú yín, ẹ má fò ó kọjá lọ wá ẹlòmíì lókè òkun. Pọ́ọ̀lù mímọ́ sọ fún àwọn ará Gálátíà pé kí a ṣoore fún gbogbo ènìyàn, àgàgà àwọn ará ilé ìgbàgbọ́.

Níbí ní Kétu, bí òjò bá pẹ́ díẹ̀ sí i, àgbàdo àwọn opó ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, torí ilẹ̀ tó ti gbó ni wọ́n máa ń fún wọn. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sókè òkun. Tiwa, kí ó dúró sílé.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Baltimore | 21 Èrèlé, aago 4:10 òwúrọ̀

Ìyá, ẹ kú ọmọ o. Mo mọ àpótí yẹn, ọ̀kan wà lórí tábìlì ìjẹun wa níbi tí mo ti ń kọ èyí. CRS Rice Bowl ni wọ́n ń pè é, ìyẹn abọ́ ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ọmọ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ.

Dáyósíìsì (agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso) Allentown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ọ̀dá ńlá ti mú Sàhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, láwọn ọdún yẹn, ẹran ọ̀sìn ń kú, àwọn ènìyàn ń ṣí kúrò. Àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ wá ní: ẹ jẹ́ kí á máa jẹ oúnjẹ tí kò wọ́n lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí á sọ owó tó bá ṣẹ́ kù sínú abọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1977 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà gbà á gẹ́gẹ́ bí ètò CRS fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. CRS ni ẹgbẹ́ àánú tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù yẹn dá sílẹ̀, Baltimore níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ-ọmọ yín. Kì í ṣe gbogbo owó náà ló ń jáde. Nínú dọ́là 100, 75 ni CRS ń fi ṣiṣẹ́ lókè òkun, 25 ń dúró sí dáyósíìsì tí wọ́n ti kó o jọ, fún àwọn tí kò rí jẹ níbẹ̀. Mo ti bá wọn pín oúnjẹ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí. Ìlà tí mo rí lọ́jọ́ náà gùn dé títì, òyìnbó wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, ìyá tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá CRS sílẹ̀ ní 1943, ní àárín ogun, àwọn ará Poland tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Òyìnbó ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé ebi kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan, pé àwọn kan ní àdúgbò tirẹ̀ náà ń jẹ nínú owó páálí yẹn.

Ọmọ229 | 21 Èrèlé, aago 9:02 òwúrọ̀

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Mo ti rí ọkọ̀ ńláńlá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àánú. Mo ti rí ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń jíròrò ìyà àwọn aláìní, tí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà tó bọ́ ìdílé kan fún oṣù kan. Owó ọmọ ọdún méje ló ń lọ síbẹ̀ yẹn o. Wọ́n ní owó páálí náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Borgou, ní àríwá Benin lókè lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ fi ìṣirò rẹ̀ hàn wá.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Baltimore | 21 Èrèlé, aago 1:30 ọ̀sán

Àbúrò, ẹ má pa méjì pọ̀. Oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ti Borgou tí CRS ṣe, ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn wọn. Kì í ṣe owó kóló. Ní ti ìṣirò, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè, èmi náà máa ń béèrè. Wọ́n máa ń gbé ìṣirò wọn jáde lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Onísóyà Ṣábẹ̀ẹ́ | 21 Èrèlé, aago 7:48 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọmọ229 mú mi jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn ni èmi. Owó àwọn ará òkè òkun ti kàn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe kàn mí.

Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní owó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sẹ́ni tó fi fùráǹkì kan lé mi lọ́wọ́. Arábìnrin kan ni ẹgbẹ́ àánú Ìjọ rán wá bá wa, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gun alùpùpù wá láti Ìdáàṣà, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Ó kó àwa obìnrin méjìlélógún jọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ti ń dá àjọ tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní kọ́ ọmọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń dá àjọ. Ṣùgbọ́n àjọ wa ti fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó kọ́kọ́ kó kò dá tirẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ́ wa yàtọ̀. Àpótí irin kan, àgádágodo mẹ́ta lára rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ẹni tí àpótí ń sùn nílé rẹ̀ kò mú ọ̀kankan. Iwájú gbogbo ènìyàn la ti ń ṣí i, tí a ń ka owó sókè, tí gbogbo wa sì ń há iye rẹ̀ sórí kí a tó tì í pa, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè mọ̀ bí ìwé bá purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó yóò dìde, yóò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, àwa yóò bi í léèrè. Èlé rẹ̀ tiwa ni. Lópin ọdún a pín gbogbo rẹ̀ bí oníkálukú ṣe fi sí i. A tún ní àpò kékeré kan lọ́tọ̀ fún àìsàn àti ọ̀fọ̀, èyí tí a kì í gba èlé lé lórí.

Mo yá 30,000. Mo ra sóyà àti ìkòkò ńlá kan, mo ní n óò máa ṣe wàrà sóyà tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù àkọ́kọ́, mo pàdánù. Mo lọ sóyà, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e kaná, ṣùgbọ́n omi kíkan tí mo dà sí i kò tíì kan tó, kò dì. Ó kàn dà bí ọ̀gì tó já. Igi ìdáná mi náà tutù, èéfín ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn torí mo rò pé ìtìjú ni n óò fi lọ sí ìpàdé. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ló wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní: fi omi tó ṣẹ́ jáde lára wàrà pamọ́ di ọ̀la, òun ló máa ń mú tòní dì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi omi àná pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ó bá ti dì, mo ń gbá a jọ sínú aṣọ funfun, mo ń fi ọlọ tẹ̀ ẹ́, omi á ṣẹ́, mo gé e, mo fi iyọ̀ àti ata sí i, mo dín in. Oṣù karùn-ún mo san gbèsè tán. Ọmọ mi àgbà ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí.

Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí owó má rìn. Ká ní àwọn tó wà lókè òkun sọ bẹ́ẹ̀ ni, epo alùpùpù arábìnrin yẹn kì bá ti rí ẹni sanwó rẹ̀.

Katikíìsì Kétu | 21 Èrèlé, aago 8:30 alẹ́

Arábìnrin, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni àwọn ará òkè òkun rán owó sí. Ìbéèrè tèmi ṣì wà níbẹ̀: ṣé alákàrà Àjàṣẹ́ ló yẹ kó máa rán owó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì? Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya, ṣé ó lè bọ́ ọ fún ẹlòmíì wọ̀?

Àlàájà Wàndó | 21 Èrèlé, aago 9:15 alẹ́

Ẹ kú àwẹ̀ o, ẹ̀yin Kátólíìkì. Àwa náà wà nínú tiwa, ọ̀sẹ̀ kan náà ni Lẹ́ǹtì yín àti Ramadan wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ìyá Alákàrà, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń ra àkàrà tí mo fi ń ṣínu.

Lọ́dọ̀ tiwa, kí a tó kírun ọdún, olórí ilé gbọ́dọ̀ yọ oúnjẹ fún aláìní nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, tó fi mọ́ ọmọ ọwọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìkúnwọ́ mẹ́rin, ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Aláìní tó sún mọ́ni ló ṣáájú. Bí ó bá tó fún wọn, èyí tó kù lè lọ jìnnà. Katikíìsì, ẹ rí i pé mo gbè yín díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ilé mi kò jìnnà sí Songhai, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn níbí ní Àjàṣẹ́. Fáda Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dominican, ló dá a sílẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ àbúrò mi, Mùsùlùmí bíi tèmi, lọ kọ́ iṣẹ́ ẹja síbẹ̀, wọn kò bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹja ni wọ́n fún un, bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ adìẹ bọ́ omi tí ẹja ń gbé ni wọ́n kọ́ ọ. Bí kóló yín bá lè sọ opó yẹn di ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mo fẹ́ sọ owó tèmi sínú rẹ̀. Ṣé ẹ óò gba owó Mùsùlùmí?

Ìyá Alákàrà, Àjàṣẹ́ | 21 Èrèlé, aago 9:31 alẹ́

Àlàájà mi! A ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ tó bá wá ra àkàrà lọ́la kó mú un wá.

Nọ́ọ̀sì Kétu | 22 Èrèlé, aago 6:50 òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ kan péré kí ẹ tó lọ sí ìpàdé. Ẹ máa sọ fún àwọn ará pé kí wọ́n má ṣe fi oúnjẹ ọmọdé dá kóló. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi: bàbá fẹ́ ṣe Lẹ́ǹtì, ó dín owó ọbẹ̀ kù, ọmọ ọdún méjì ni kò rí ẹja jẹ. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n jẹun. Ẹni tó lóyún tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀, kó fi ohun mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, Ìjọ kò ní kó gbààwẹ̀.

Sẹ́mínárì, Àjàṣẹ́ | 22 Èrèlé, aago 7:35 òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ọmọdé àti aboyún. Ti ọjọ́ orí nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe: 21 ni òfin Ìjọ ti 1917. Òfin 1983 ni a ń lò báyìí, láti ọdún 18 títí di ìgbà tí ènìyàn bá pé 59 ni àwẹ̀ fi jẹ́ ọ̀ranyàn, ní Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àìjẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 14.

Katikíìsì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí láyè kí n dáhùn ìbéèrè aṣọ tó ya. Pọ́ọ̀lù tó kọ lẹ́tà sí Gálátíà náà ló kọ Kọ́ríńtì Kejì. Ẹ ka orí kẹjọ. Ó ń gba owó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, òkè òkun gan-an ni, ọkọ̀ ojú omi ló fi ń lọ. Àwọn wo ló fi ṣe àpẹẹrẹ? Àwọn ará Makedóníà, ó sì sọ pé inú òṣì tó jinlẹ̀ ni wọ́n wà. Kò ní kí wọ́n wá. Àwọn ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ní ìpín níbẹ̀. Mo rò pé ó yé wọn pé ẹni tí a kò jẹ́ kó fi fún ni, a ti kà á kúrò lára ẹbí.

Nínú orí yẹn kan náà ni Ọmọ229 yóò ti rí ìdáhùn tirẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò dá owó náà gbé. Ó rán àwọn arákùnrin tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí òun lọ́rùn nítorí owó púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ń ṣe é. Àwọn Kátólíìkì Jámánì dá ẹgbẹ́ àánú Misereor sílẹ̀ ní 1958, ilẹ̀ Faransé ní CCFD láti 1961, Ireland ní Trócaire láti 1973, inú Lẹ́ǹtì ni gbogbo wọn ti ń gba owó jọ jù. Ọjọ́ Àìkú karùn-ún nínú àwẹ̀ ni ti Jámánì àti ti Faransé.

Ọmọ229 | 22 Èrèlé, aago 8:05 òwúrọ̀

Mo ka orí kẹjọ náà. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àpótí onígádágodo mẹ́ta yẹn náà tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo ìwé ìṣirò lọ. Ìyá Alákàrà, ẹ ṣe irú rẹ̀.

Tẹ́lọ̀ Àjàṣẹ́ | 22 Èrèlé, aago 8:40 òwúrọ̀

Ẹ ṣọ́ra fún fóònù o. Lẹ́ǹtì tó kọjá, ìròyìn kan wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, fọ́tò Fáda kan wà lórí rẹ̀, wọ́n ní kí a fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan fún àwọn ọmọ tí ogun lé. Mo fi 15,000 ránṣẹ́, owó aṣọ Àjíǹde méjì tí mo rán. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti pa nọ́ńbà náà. Fáda tó ni fọ́tò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ojú tì í ju èmi lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n dá nǹkan, ọwọ́ mi máa ń wúwo. Ọ̀rọ̀ Onísóyà ló jẹ́ kí n tún rò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ránṣẹ́ lórí fóònù mọ́, ọwọ́ ẹni tí mo mọ̀ ni n óò fi lé.

Akọ̀wé Páríṣì | 22 Èrèlé, aago 2:20 ọ̀sán

Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyí, ẹ mú èyí tó bá wúlò. Kóló amọ̀ ni a ń lò, èyí tí kò ní ìdérí, tó jẹ́ pé fífọ́ ni a ń fọ́ ọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ọjọ́ fífọ́ yẹn púpọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló ń ka owó, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ará CEB náà. A ó kọ iye rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọwọ́ sí i, a ó sì kà á sí etí ìjọ lẹ́yìn Míísà. Èyí tó jẹ́ ti Caritas, a ó gbé e fún páríṣì, páríṣì á gbé e fún dáyósíìsì, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Láti dáyósíìsì ni Caritas ti ń mú un lọ. Wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 160, nítorí náà kò dìgbà tí ẹ bá mọ ẹnì kan níbẹ̀.

Kí ẹ pinnu bí ẹ ó ṣe pín in kí ẹ tó sọ fùráǹkì àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ìjà tí a bá jà ṣáájú owó kì í pẹ́. Èyí tí a bá jà lẹ́yìn owó, a lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má parí rẹ̀. Onísóyà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, dáyósíìsì Ìdáàṣà ni tiyín ń lọ, kì í ṣe Àjàṣẹ́, torí mo rí ẹnì kan tó fi ti Ṣábẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí wa lọ́dún kan.

Ìyá Alákàrà, Àjàṣẹ́ | 22 Èrèlé, aago 9:10 alẹ́

A ti ṣèpàdé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn láti orí fóònù, ti Onísóyà ni wọ́n ní kí n kà lẹ́ẹ̀mejì. A pinnu pé a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin bíi ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n a yí i padà: mẹ́ta yóò dúró sí àdúgbò, ọ̀kan yóò lọ sọ́dọ̀ Caritas fún àwọn tí ogun lé ní ilẹ̀ mìíràn. Alága kò fẹ́ ìkan yẹn rárá. Ìyá arúgbó kan ló dìde, ẹni tí kò ní ju ewùrẹ́ méjì lọ, ó ní òun kò tíì rán nǹkan sí ẹnikẹ́ni lókè òkun rí láyé òun, ẹ jẹ́ kí òun náà ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Katikíìsì Kétu | 23 Èrèlé, aago 7:00 òwúrọ̀

Mẹ́ta sílé, ọ̀kan síta. Mo lè bá ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ti opó yẹn, ẹ má yá a lówó. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fún un.

Onísóyà Ṣábẹ̀ẹ́ | 23 Èrèlé, aago 8:15 òwúrọ̀

Ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ yá a ní owó iṣẹ́. Ẹ̀bùn oúnjẹ kò ní jẹ́ kó tijú, gbèsè kékeré ni yóò jẹ́ kó lè bá yín jókòó. Èmi mọ ohun tí mò ń sọ.

Katikíìsì Kétu | 23 Èrèlé, aago 8:22 òwúrọ̀

Èmi ṣì sọ pé kí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ti wà nínú rẹ̀.

Ìyá Alákàrà, Àjàṣẹ́ | 23 Ẹrẹ́nà, aago 8:55 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Lánàá, Àìkú karùn-ún, a fọ́ kóló. Ọgbọ̀n ọjọ́ ó dín díẹ̀ ni. Àlàájà wà níbẹ̀, òun ni ẹnì kẹta tó bá wa kà á. Owó ẹyọ 25 àti 50 ló pọ̀ jù, a tò wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí ẹní. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42,600. 10,650 ti dé ọ̀dọ̀ páríṣì láàárọ̀ yìí, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi.

Opó náà yan fúnra rẹ̀. Ó gba gàrí àti epo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ó yá 12,000 láti fi dín dàǹkálì ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí èmi bá ti gbé iná tèmi kúrò. Agbada mi kejì ló ń lò. Ọmọ rẹ̀ kékeré kò dúró sí ọ̀dọ̀ mi mọ́ láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ti ń fún un ní ọ̀gì kó tó jáde.

Mo pe ọmọ-ọmọ mi. Mo fi àwo amọ̀ tó fọ́ hàn án àti owó lórí ẹní. Mo ní, "Ìwọ náà wò ó, àwa náà ní páálí tiwa, àwa náà ń fi ránṣẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí?" Mo ní n kò mọ orúkọ wọn. Mo sọ ìtàn obìnrin kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún un, bí wàrà rẹ̀ kò ṣe dì, bí ó ṣe ń fi omi àná pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wá ní òun fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, kí òun lè kọ ọ́ sára páálí òun. Onísóyà mi, ṣé ẹ gbà kí n sọ fún un?

Onísóyà Ṣábẹ̀ẹ́ | 24 Ẹrẹ́nà, aago 6:05 òwúrọ̀

Ẹ sọ fún un. Ìyá Ṣadé ni. Ẹ ní kó fi àmì sábẹ́ "s" àkọ́kọ́ náà, kó má bàa di orúkọ ẹlòmíì. Ẹ sì bi í léèrè orúkọ tirẹ̀ wá fún mi, mo fẹ́ máa pè é nígbà tí a bá ń gbàdúrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.